Gáàsì tó lẹ̀ mọ́ irin òòfà: ìdọ̀tí ni àbí ó ti di ara irin?

Ìbéèrè tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀:

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá ẹjọ́ yìí. Mo kà á níbì kan pé bí gáàsì tín-ín-tín bá lẹ̀ mọ́ ojú irin tàbí níkẹ́ẹ̀lì, àwọn átọ́ọ̀mù irin náà á sún kúrò láyè wọn, agbára òòfà wọn á sì yí padà. Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ wẹ́dà, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní irin tí òun ń fi òòlù lù látàárọ̀ tí kò mira, ṣé afẹ́fẹ́ ló wá fẹ́ tì í? Ó ní ìpẹtà lásán làwọn alákọ̀wé ń fọ gírámà lé lórí. Ta ló jàre nínú àwa méjèèjì? Ẹ má fi ìṣirò pa wá o."

* * *

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ ìpẹtà kúrò lọ́nà. Ìpẹtà nílò omi, ó nílò ọjọ́, ó sì máa ń nípọn débi tí èèyàn lè fi èékánná ha á. Ohun tí ẹ kà yẹn ti ṣẹlẹ̀ tipẹ́ kí ìpẹtà tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí gáàsì tó wà lójú irin kò tíì ju ìpele átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo lọ, nígbà mìíràn ìdajì ìpele. Irin náà á ṣì máa dán bíi dígí.

Ẹ wo àtẹ ìyá ọlọ́sàn. Ó to ọsàn ìsàlẹ̀ ní ìlà-ìlà, ó wá gbé tòkè sínú kòtò tó wà láàárín mẹ́rin-mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni átọ́ọ̀mù níkẹ́ẹ̀lì ṣe tò. Èyí tó wà nínú lọ́hùn-ún ní aládùúgbò 12 tó fara kàn án: 4 lókè, 4 lẹ́gbẹ̀ẹ́, 4 nísàlẹ̀. Èyí tó wà lórí pátápátá, lójú tí wọ́n ń pè ní (100) (nọ́ńbà yìí kàn ń sọ ìhà tí wọ́n gbà gé irin náà), 8 péré ló kù fún un, torí kò sẹ́ni lókè rẹ̀. Ti irin tilẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú, ó ní aládùúgbò 8; lójú (100), ó ku 4.

Ọwọ́ tó yẹ kó fi di àwọn tí kò sí mú ṣófo. Nígbà tí ọ́síjìn bá dé, kì í bà lé irin bí ẹyẹ ṣe ń bà lé òrùlé. Méjì-méjì ni átọ́ọ̀mù ọ́síjìn so mọ́ra nínú afẹ́fẹ́. Ojú irin á já wọn sọ́tọ̀, á sì gbá ọ̀kọ̀ọ̀kan mú. Ẹni tó bá di ẹlòmíràn mú, òun náà ò ní dúró bó ṣe dúró tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni sísún ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tí ẹ̀gbọ́n yín ò tíì rí i? Tí a bá fa afẹ́fẹ́ inú àgbá kan jáde títí ìtẹ̀ gáàsì tó kù fi di ìdá kan nínú mílíọ̀nù torr (torr ni òṣùwọ̀n ìtẹ̀ gáàsì), nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan ti tó kí ojú irin bò tán, bí gbogbo gáàsì tó kàn án bá ń lẹ̀ mọ́ ọn. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí yìí jẹ́ 760 torr. Ẹ pín in fúnra yín: ó fi díẹ̀ ju ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá lọ. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣe wẹ́dà, ẹ̀gbọ́n yín kò tíì fojú kan ìhòòhò irin rí, èmi náà kò sì tíì rí i ní ìta gbangba.

* * *

Mo rí i pé èèyàn mẹ́ta ti kọ ohun kan náà sábẹ́ èsì mi: pé gáàsì kàn jókòó lórí irin bí eruku ṣe ń jókòó lórí tábìlì, kí ẹni tó bá fẹ́ mú àkísà nù ún. Èrò tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn. Àwòrán inú ọ̀pọ̀ ìwé ló sì fà á: bọ́ọ̀lù pupa lórí bọ́ọ̀lù aláwọ̀ eérú, tìsàlẹ̀ tò gbọọrọ, ìkankan nínú wọn kò yẹ̀.

Mi ò gbà, ẹ padà sídìí àtẹ ọsàn. Ẹ mú ẹ̀kùrọ́, ẹ fi sínú kòtò kan, ẹ fo èyí tó kàn, ẹ fi sínú èyí tó tẹ̀ lé e, bí dúdú àti funfun ṣe ń tẹ̀ léra lójú pátákó dráàfù, títí ìdajì gbogbo kòtò fi kún. Bí kábọ́ọ̀nù ṣe ń jókòó lójú (100) níkẹ́ẹ̀lì nìyẹn. Kábọ́ọ̀nù kéré; ó fẹ́ rì sínú kòtò títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá níkẹ́ẹ̀lì dọ́gba, ṣùgbọ́n kòtò náà há fún un. Ó bá ń fi èjìká ti àwọn mẹ́rin tó yí i ká. Àwọn yẹn náà ò ríbi sá lọ, torí kábọ́ọ̀nù mìíràn ń tì wọ́n láti ẹ̀yìn.

Wọ́n bá yípo. Mẹ́rin tó yí kábọ́ọ̀nù kan ká á yí sọ́tùn-ún, mẹ́rin tó yí èyí tó kàn ká á yí sósì, bíi jíà tí eyín wọn wọnú ara wọn: bí ìkan bá ń lọ síhìn-ín, ìkejì gbọ́dọ̀ lọ sọ́hùn-ún. Gbogbo ojú níkẹ́ẹ̀lì náà á wá di jíà kéékèèké tí kò lópin. Ọdún 1979 ni Onuferko, Woodruff àti Holland tú àṣírí rẹ̀. Níkẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan sún tó nǹkan bí ìdajì angstrom. Angstrom kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù 10 mítà, ẹ lè ní kí ló tó nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n láti àárín níkẹ́ẹ̀lì kan dé àárín èkejì, 2.5 angstrom péré ni. Ẹni tí wọ́n bá sún ní ìdá kan nínú márùn-ún ọ̀nà ilé rẹ̀ sí ilé aládùúgbò, yóò mọ̀ pé wọ́n sún òun.

Náítrójìn ń ṣe bíi ti kábọ́ọ̀nù. Ọ́síjìn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lójú níkẹ́ẹ̀lì kan náà, nínú kòtò kan náà, ìdajì kòtò kan náà, ó dúró sókè ní nǹkan bí 0.8 angstrom, kò sì yí ẹnikẹ́ni. Eruku wo ló ń mọ irú èyí yàtọ̀ sí irú tọ̀hún?

* * *

Ẹnì kan béèrè pé báwo la ṣe mọ̀ pé 0.8 ni, ṣé a gbé rúlà síbẹ̀ ni. Ìbéèrè gidi lèyí, torí wọ́n jà lé e lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ọ̀nà àtijọ́ ni pé kí a yìnbọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí kò lágbára púpọ̀ sójú kírísítálì (irin tí átọ́ọ̀mù rẹ̀ tò létòlétò), kí a wo bó ṣe ta padà. Ó máa ń tàn ní tótòtó lójú gíláàsì, bí ìràwọ̀ tó tò létòlétò. Orúkọ rẹ̀ ni LEED. Ibi tí tótòtó yẹn wà ń sọ bí átọ́ọ̀mù ṣe tò. Gíga wọn kò hàn níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ gíga gbọ́dọ̀ máa yí fọ́ọ́tì iná tí a fi ń yin ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù náà, kó máa wo bí tótòtó kọ̀ọ̀kan ṣe ń mọ́lẹ̀ tó sì ń ṣú, kó wá ṣe ìṣirò tó gùn bí ojú irin.

Ní 1973, ẹgbẹ́ méjì gbé ìṣirò tiwọn jáde lórí ọ́síjìn àti níkẹ́ẹ̀lì (100). Ìkan ní 1.5 angstrom, ìkejì ní 0.9. Ohun kan náà ni wọ́n wọ̀n o! Nígbà tó tún di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn mìíràn fi ìṣirò tiwọn wá pé 0.26 ni, pé ọ́síjìn rì lọ sísàlẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ oríṣiríṣi yẹ̀ ẹ́ wò ni 0.8 tó fìdí múlẹ̀. Ọ̀rọ̀ átọ́ọ̀mù kan lórí mẹ́rin nìyí, tó gba wọn ní ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá. Bí ẹnikẹ́ni bá wá fi ojú lásán sọ fún yín pé òun mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú irin, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀.

* * *

"Gáàsì ò lè gbé irin. Àsọdùn ni." Ẹnì kan ló kọ bẹ́ẹ̀, ó sì fi àwòrán ẹni tó ń rẹ́rìn-ín síwájú.

Ní 1890, Ludwig Mond àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ wádìí ìdí tí fáàfù níkẹ́ẹ̀lì fi ń jẹ dànù níbi tí CO, gáàsì tí kábọ́ọ̀nù kan àti ọ́síjìn kan so pọ̀ di, ti ń kọjá. CO mẹ́rin ló ń so mọ́ átọ́ọ̀mù níkẹ́ẹ̀lì kan, wọ́n á fà á tu kúrò lójú irin ní ìgbóná tí kò ju nǹkan bí 50 sí 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọ́n á sì fò lọ pẹ̀lú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí gáàsì. Bí wọ́n bá gbóná kọjá 200, wọ́n á jù ú sílẹ̀. Láti 1902 ni wọ́n ti ń fi ọgbọ́n yìí fọ níkẹ́ẹ̀lì mọ́ ní Clydach, ní orílẹ̀-èdè Wales. Gáàsì náà ń pa èèyàn, ẹ má dán an wò.

Ẹ tún wo níkẹ́ẹ̀lì lójú (110). Bí ọ́síjìn bá dé ibẹ̀, átọ́ọ̀mù níkẹ́ẹ̀lì á kúrò létí àtẹ̀gùn kéékèèké tó wà lójú kírísítálì, wọ́n á rìn wá sí àárín pápá, wọ́n á sì tò pọ̀ mọ́ ọ́síjìn: níkẹ́ẹ̀lì, ọ́síjìn, níkẹ́ẹ̀lì, ọ́síjìn, ní okùn gbọọrọ bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Ẹ̀rọ STM, tó ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-tín ya àwòrán átọ́ọ̀mù, tí Binnig àti Rohrer ṣe ní IBM ní Zurich, tí wọ́n fi gba Nobel ní 1986, ti jẹ́ kí a máa wo irú okùn báyìí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àsọdùn kọ́.

* * *

Ibo ni òòfà wá wọ̀ ọ́? Mo ti ń retí ẹni tó máa béèrè.

Ẹ rántí aládùúgbò tó dín kù. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan dà bí òòfà kékeré kan. Nínú irin lọ́hùn-ún, aládùúgbò pọ̀, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń lọ ń bọ̀ láti ilé dé ilé, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì pa agbára ara wọn rẹ́. Ibi tí aládùúgbò bá ti dín kù, ìrìn wọn á dín, àwọn tó kọjú síbì kan náà á sì pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí átọ́ọ̀mù irin tó wà lójú (100) tó mọ́ fi jẹ́ òòfà tó lágbára ju ti inú lọ: ti inú jẹ́ 2.2 lórí òṣùwọ̀n Bohr magneton, tí a fi ń wọn agbára òòfà átọ́ọ̀mù, ìṣirò sì fún ti ojú ní nǹkan bíi 3.

Ẹ gbọ́ ìjà tó wáyé lórí èyí ná. Ní 1970, Liebermann, Clinton, Edwards àti Mathon kọ ọ́ pé àwọn ìpele òde níkẹ́ẹ̀lì àti irin ti kú, pé òòfà kò sí níbẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ "ìpele òkú" gba ìgboro kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe irin wọn: inú omi ni wọ́n ti fi iná mànàmáná kó o jọ. Háídrójìn kún inú irú omi bẹ́ẹ̀ fọ́fọ́. Nígbà tí àwọn mìíràn wá yẹ ojú tó mọ́ gaan wò nínú àgbá tí kò ní afẹ́fẹ́, òòfà ń bẹ níbẹ̀, ó ń mí dáadáa. Èrò tèmi ni pé gáàsì ni wọ́n wọ̀n, tí wọ́n wá fi orúkọ irin pè é.

Ohun tó sì yẹ kó ta wọ́n lólobó ti wà nílẹ̀. Láti àwọn ọdún 1950 ni Pierce Selwood ní Northwestern University ní Amẹ́ríkà ti ń wọn òòfà ẹ̀rún níkẹ́ẹ̀lì kéékèèké bí háídrójìn ṣe ń lẹ̀ mọ́ wọn. Bí háídrójìn ṣe ń pọ̀ ni òòfà ń rẹlẹ̀. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó dá dúró, tó ń ṣe òòfà, òun ni níkẹ́ẹ̀lì fi ń di gáàsì mú; ọwọ́ tó bá ti di nǹkan mú kò lè pàtẹ́wọ́ mọ́.

* * *

Sí ẹni tó béèrè bóyá òòfà ara fíríìjì òun máa kú: rárá o. Irin tó nípọn tó mìlímítà kan ní nǹkan bíi mílíọ̀nù méje ìpele. Ká tilẹ̀ ní ìpele kan tàbí méjì kú lókè, ta ló máa mọ̀? Àti pé òòfà fíríìjì kì í sábà jẹ́ irin lásán, ọ́síjìn ti wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe é láti ilé iṣẹ́.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Mo lo ọdún mẹ́rin nídìí àgbá irin kan ní yunifásítì kan ní Ìlú Ọba, mo sì mọ bí gáàsì ṣe ń fi ojú èèyàn gbolẹ̀.

Ẹ ó fi fọ́ìlì tí a fi ń yan ẹran we àgbá náà, ẹ ó yan án ní 150 fún ọjọ́ méjì kí omi tó lẹ̀ mọ́ ògiri inú rẹ̀ lè jáde. Bí ẹ bá tú u tán, ẹ ó fi argon ta ojú kírísítálì, ẹ ó gbóná a, ẹ ó tún ta á, ẹ ó tún gbóná a, bí ẹní ń gún iyán tí kò fẹ́ kúná. Tí ẹ bá wá rò pé ó ti mọ́, sọ́fọ̀ àti kábọ́ọ̀nù tó sá pamọ́ sínú irin á tún rọra yọ sókè nítorí ìgbóná tí ẹ fi ń wẹ̀ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wẹ irin kan.

Irin sì ní èèwọ̀ kan. Bó bá kọjá 912 lórí òṣùwọ̀n Celsius, átọ́ọ̀mù rẹ̀ á tún ara wọn tò sí ọ̀nà mìíràn, bí ẹ bá sì jẹ́ kó tutù padà, kírísítálì tó ti jẹ́ odidi kan á fọ́ sí wẹ́wẹ́ nínú ara rẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, wáyà tó ń wọn ìgbóná yọ lára irin mi láìjẹ́ pé mo mọ̀. Ojú ẹ̀rọ ń sọ 600, mo ń fi iná kún un. Irin náà ń pọ́n, mo ní bóyá gíláàsì ló ń tàn mí. Nígbà tó tutù tí mo tan LEED, tótòtó tó yẹ kó tò bí ẹyin ayò fọ́n káàkiri bí ìgbà tí adìyẹ bá da ọkà nù. Ọ̀gá mi wá, ó wo gíláàsì, ó wò mí, kò sọ nǹkan kan, ó lọ po kọfí. Owó irin yẹn tó ra ọ̀kadà. Kóbáltì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò tilẹ̀ ní dé 500 kó tó yí tirẹ̀ padà.

Wàhálà kejì ni pé irin tó ti di òòfà máa ń fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù LEED sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo lo ọ̀sán ọjọ́ kan gbáko tí mò ń tún ìbọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe, mo rò pé ó wọ́. Ìbọn ò wọ́. Kírísítálì ló ń fà á.

Kí ẹ má rò pé èmi nìkan ni nǹkan bà jẹ́ fún. Ní 1925, ìgò afẹ́fẹ́ olómi kan bú gbàmù ní yàrá iṣẹ́ Davisson, onímọ̀ físíìsì kan, ní New York. Afẹ́fẹ́ já wọ inú ẹ̀rọ rẹ̀ nígbà tí níkẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ gbóná, ọ́síjìn sì bo níkẹ́ẹ̀lì náà. Ó fi ìgbóná lé ọ́síjìn náà lọ fún ìgbà pípẹ́, àwọn kírísítálì kéékèèké inú níkẹ́ẹ̀lì wá dà pọ̀ di ńláńlá díẹ̀ láìjẹ́ pé ó pèrò rẹ̀. Níkẹ́ẹ̀lì yẹn ló sún òun àti Germer débi tí wọ́n fi rí i ní 1927 pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń ṣe bí ìgbì. Davisson gba Nobel ní 1937. Èmi rí ìbínú kọfí gbà.

* * *

Ẹ padà síbi tí a ti ya. Ẹnì kan tó jọ pé ó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa kọ ọ́ pé: "Ojú tó mọ́ nìkan ni ojú irin gidi. Ohun tó kù, ìdọ̀tí ni. Ẹni tó ń wọn ojú tí gáàsì bò, ìdọ̀tí ló ń wọ̀n."

Èmi pẹ̀lú àwọn onírú èrò yìí ni a ti ń jà láti ọjọ́ pípẹ́. Mo gbà pé kí èèyàn tó sọ ohun tí gáàsì ṣe, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí irin ṣe rí láìsí gáàsì. Àwọn onípele òkú kò ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì jìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n pé ohun gbogbo tó bá lẹ̀ mọ́ irin jẹ́ ìdọ̀tí? Ó tì o.

Ẹ mú irin (100). Ẹ fún un ní ọ́síjìn díẹ̀, ẹ gbóná a kí èyí tó pọ̀ jù kúrò. Ọ́síjìn kan á kù sínú kòtò kọ̀ọ̀kan, kò ní sí kòtò tó ṣófo. Ìpele irin àkọ́kọ́, tó ti sún wọlé nígbà tó wà ní ìhòòhò, á wá sún síta. Legg, Jona, Jepsen àti Marcus fi LEED wọ̀n ọ́n ní 1977: àlàfo tó yẹ kó jẹ́ 1.43 angstrom fẹ̀ sí 1.54, ìyẹn ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìṣirò tó tẹ̀ lé e tilẹ̀ ń fún un ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òòfà ńkọ́? Kò kú. Irin òkè di agbára rẹ̀ mú ṣinṣin, ọ́síjìn tí kì í ṣe òòfà nílé rẹ̀ sì gba díẹ̀ lára rẹ̀. Ẹ fi wé háídrójìn lórí níkẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó bá ń sọ pé "gáàsì ń pa òòfà" láìsọ gáàsì wo àti irin wo kò tíì sọ nǹkan kan.

Ibi tó ti dùn mọ́ mi jù nìyí. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ tí a fi ń mọ ibi tí òòfà ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kọjú sí, irin tí ọ́síjìn bò yìí gan-an ni wọ́n ń lò. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó kọjú síbì kan máa ta padà lára rẹ̀ ju èyí tó kọjú sódì lọ. Irin tó wà ní ìhòòhò náà lè ṣe é, àmọ́ gáàsì tó ṣẹ́ kù nínú àgbá á bà á jẹ́ láàárín wákàtí díẹ̀, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ ìwẹ̀. Èyí tó ti wọ ẹ̀wù ọ́síjìn kò ní ọwọ́ tó ṣófo mọ́, ó lè bá yín ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Bí ìdọ̀tí bá ń ṣe báyìí, ẹ fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

* * *

Ọ̀gá tó pe gáàsì ní ìdọ̀tí yẹn fèsì pé irin nìkan ni mo mú, pé kí n mú níkẹ́ẹ̀lì wá. Ó dáa.

Ẹ to níkẹ́ẹ̀lì ní ìpele-ìpele sórí bàbà (100). Bí kò bá tíì tó nǹkan bí ìpele 10 tàbí 11, ibi tí òòfà rẹ̀ kọjú sí á dùbúlẹ̀, á tẹ́ pẹrẹsẹ lójú bàbà. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, á dìde nàró. Ẹ wá jẹ́ kí háídrójìn tàbí CO lẹ̀ mọ́ ọn: ìpele tí òòfà fi ń dìde á já wálẹ̀ sí nǹkan bí 7. Bí ẹ bá lo ọ́síjìn nígbà tí ẹ ń tò ó, á já sí nǹkan bí 5. Sander àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Halle, ní Jámánì, fi háídrójìn ṣe é ní 2004 lọ́nà tó ṣe é yí padà. Wọ́n mú níkẹ́ẹ̀lì tí iye ìpele rẹ̀ wà láàárín 7 àti 10. Háídrójìn wọlé, òòfà dìde. Wọ́n fa háídrójìn jáde, òòfà dùbúlẹ̀.

Ìpele gáàsì kan ṣoṣo lókè ló ń dárí ìpele mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án nísàlẹ̀. Ọ̀gá mi, ẹ dá mi lóhùn: ìdọ̀tí wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

(Kò tíì dá mi lóhùn. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin.)

* * *

"Kí la fẹ́ fi gbogbo èyí jẹ?" Ìyá kan ló béèrè, ó sì jàre.

Ẹ̀bà àti àmàlà ni, màmá. Ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹta 2022, ammonia ló ń kọ́kọ́ ṣe kó tó sọ ọ́ di yúríà tí àgbẹ̀ ń fọ́n sóko. Ammonia, háídrójìn àti náítrójìn ni. Ní ọ̀pọ̀ jù lọ ilé iṣẹ́ ammonia láyé, ojú irin ni náítrójìn ti ń já sí méjì, ní ìgbóná 400 sí 500. Jíjá yẹn ló ń fa gbogbo iṣẹ́ náà sẹ́yìn. Gerhard Ertl tó tú u palẹ̀ ní Jámánì gba Nobel ní 2007. Bí omi, ọ́síjìn tàbí CO díẹ̀ bá yọ́ wọ inú gáàsì náà, ọ́síjìn á lọ jókòó síbi tó yẹ kí náítrójìn jókòó, iṣẹ́ á sì fà.

Ojú irin wo ló tilẹ̀ ṣe pàtàkì. Ní 1982, Somorjai àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní Berkeley fi irin mẹ́ta tí wọ́n gé sí ojú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe ammonia. Èyí tí ojú (110), tó dí pinpin, bá ṣe ẹyọ kan, ojú (100) á ṣe 25, ojú (111) tó ní kòtò jíjìn á ṣe 418. Irin kan náà o! Nítorí náà, bí gáàsì bá lè tún ojú irin tò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà fún ẹni tó ń ra ajílẹ̀.

Ẹnì kan ní òòfà kò lè ní ọwọ́ nínú ìyẹn, torí irin tó gbóná kì í ṣe òòfà mọ́. Ó ṣi í. Irin kì í pàdánù òòfà rẹ̀ títí yóò fi dé 770, nítorí náà ó ṣì jẹ́ òòfà nínú ẹ̀rọ ammonia. Níkẹ́ẹ̀lì ni tirẹ̀ ń kú ní 358.

* * *

Ẹni tó kọ́kọ́ béèrè ti padà dé. Ó ní òun ka gbogbo rẹ̀ sétí ẹ̀gbọ́n òun, ẹ̀gbọ́n sì ní títí di ìsinsìnyí òun kò tíì rí ibi tó kan òun.

Ẹ bi í pé kí ni ẹ̀fun líle tó bo ara ẹ̀lẹ́kítíróòdù rẹ̀ ń ṣe. Bó ṣe ń jó, ó ń tú gáàsì àti ìdàrọ́ jáde láti lé afẹ́fẹ́ sẹ́yìn kí irin tó yọ́ tó dì tán. Àwọn tó ń lo argon, ohun kan náà ni wọ́n ń sanwó fún. Ojúmọ́ kan kò mọ́ kí ẹ̀gbọ́n yín má bá ọ́síjìn àti náítrójìn jà lórí irin.

Bó bá ṣì ń jiyàn, kó mú ẹ̀lẹ́kítíróòdù kan ṣoṣo, kó fi òòlù gbọn ẹ̀fun ara rẹ̀ dànù, kó fi wáyà tó ṣẹ́ kù jó irin méjì tí kò wúlò pọ̀. Kó fi ayùn là á sí méjì níbi tó ti jó o. Ẹ ka iye ihò tó wà nínú rẹ̀, ẹ ya fọ́tò, ẹ gbé e síbí.